Àárọ̀ Tí Ẹní Gbẹ

Atọ̀ọ́lé ni ọmọ ọmọ mi obìnrin, mi ò ní fi bò. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà, ọ̀dọ̀ mi ní Ṣakí ló sì ń gbé, torí pé ìyá rẹ̀, ọmọ tí mo bí, ń ṣiṣẹ́ ní káńsù ní Ìsẹ́yìn, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló máa ń wá. Láràárọ̀ ni mo máa ń fọwọ́ kan ẹní ọmọ náà kí n tó kí i. Bí ó bá ti tutù, òun fúnra rẹ̀ ni màá ní kó ká a, kó gbé e lọ sá sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé. (Ó jìnnà síbi tí mo ń sá iṣu èlùbọ́ mi sí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.) Àwọn ọmọ ilé kejì á máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e, wọ́n á máa pè é ní atọ̀ọ́lé. Mi ò dá wọn lẹ́kun. Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, àwa tíṣà àtijọ́ sì gbà pé ìtìjú ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n.

Ìlérò ni mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ́tótó. Ẹ fọwọ́ yín, ẹ se omi yín, ẹ bo oúnjẹ yín. Mo máa ń ya kòkòrò àrùn sójú pátákó fún wọn, mo máa ń fún un ní ẹsẹ̀ mẹ́fà àti eyín ṣóńṣó kí ẹ̀rù lè bà wọ́n. Ohun tí mi ò kọ sójú pátákó rí ni wàrà. Kì í ṣe wàrà dídì tí wọ́n ti sè o, wàrà tútù ni, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ara màlúù jáde. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ìyá Fúlàní kan ló ń gbé e wá fún mi nínú igbá, gbogbo ìgbà ló sì ń sọ fún mi pé kí n sè é, pé àwọn náà ń sè é fún ọmọ wọn. Màá ní kó má kọ́ mi. Ìyá mi kò sè é, mo mu ún dàgbà, eyín mi ṣì pé. Báyìí ni mo bu ife kan fún ọmọ náà lọ́jọ́ kan.

Lọ́jọ́ kẹta inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó yàgbẹ́ títí, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì àìsàn náà, ẹ̀jẹ̀ ti wà níbẹ̀. Kí ni àwa ń pe irú èyí nílùú wa? Jẹ̀díjẹ̀dí. Ṣúgà ni gbogbo wa máa ń dá lẹ́bi. Mo bínú dé góńgó, mo wádìí ẹni tó ń fún un ní súìtì, mo ti agolo ṣúgà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì se àgbo kíkorò fún un. Ọmọ náà mu ún, ó ń sunkún. Lọ́jọ́ karùn-ún ẹ̀jẹ̀ dá. Mo ní Alihamudulilahi, àgbo mi jẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì mo fọwọ́ kan ẹní, ẹní gbẹ. Mo tún fọwọ́ kàn án. Ó gbẹ fúróró. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jó. Mo fa ọmọ náà dìde, mo kì í, mo ní ó ti di àgbàlagbà, mo dín ẹyin fún un. Kò jẹ ẹyin náà, ó kàn rẹ́rìn-ín díẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ẹní tún gbẹ. Mo pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, mo fọ́nnu pé àgbo kan ṣoṣo ti wo àrùn méjì. Ojú ọmọ náà ti ń wú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ti ń wú. Mo ní ara ló ń padà sí i.

Ọjọ́ kẹta ni Jímọ̀, ìyá rẹ̀ dé. Kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tó fi ya ìpéǹpéjú ọmọ náà wò. Funfun báláú ni inú ojú. Ó wò mí, ó pọ̀n ọ́n, a gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà tí a bá níbẹ̀ kéré, obìnrin ni, mo lè ti kọ́ ọ ní pírámárì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbẹ́, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ó tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ojú ibi tó tẹ̀ kò sì tètè padà. Ló bá kọjú sí mi.

"Màmá, ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn?"

Mo la ẹnu láti fi yangàn pé kò tọ̀ọ́lé mọ́. Ìgbà náà ni mo rántí ẹyin tí mo dín, mo rántí ijó tí mo jó. Ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ náà kò tọ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, ní òru tàbí ní ọ̀sán, èmi sì ń yìn ín.

Dókítà ṣàlàyé fún wa. Ó ní kòkòrò kan wà nínú ìfun màlúù, màlúù ò mọ̀, ó ń jẹ koríko rẹ̀ kiri. Bí ó bá dé ikùn ọmọdé, á máa tu májèlé síbẹ̀, májèlé yẹn ló ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé kíndìnrín. Kíndìnrín ni ajọ̀ tí ara fi ń ku ẹ̀jẹ̀. Májèlé á bu ojú ajọ̀ náà jẹ, ẹ̀jẹ̀ á dì mọ́ ọn, èyí tó bá fẹ́ kọjá á máa fọ́ wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi funfun, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ kò fi sí. Ó ní kì í ṣe pé àrùn lọ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ dá, ó ṣí lọ síbòmíràn ni. Kò búra pé wàrà ni, ó ní ó lè jẹ́ ẹran tí kò jinná, ó lè jẹ́ omi. Èmi búra.

Mo ní kó fún un ní abẹ́rẹ́ tó máa pa kòkòrò náà. Ó mi orí. Ó ní irú èyí, bí wọ́n bá ń pa á, ó lè tú májèlé inú rẹ̀ dà sílẹ̀ bó ti ń kú lọ, kò sì sí oògùn tó ń lé májèlé náà bá. Ká gbé ọmọ dúró, ká máa retí kí kíndìnrín jí fúnra rẹ̀, ohun tó kù nìyẹn. Mo bi í bóyá á jí. Ó ní ọ̀pọ̀ ló ń jí. Kò sọ pé gbogbo rẹ̀.

Wọ́n gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn, àyẹ̀wò wọn sì bá tirẹ̀ mu. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ sí i lára. Wọ́n ti rọ́bà tínrín kan bọ̀ ọ́ níkùn, wọ́n ń da omi mímọ́ gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n á jẹ́ kó dúró, wọ́n á fà á jáde pẹ̀lú ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín kó dànù. Mo jókòó, mò ń wò ó, ẹnu yà mí. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ò lè rí, tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò léyín, itọ́ lásán ló tu, ó sì dá odindi èèyàn dúró. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu jù ni ìtọ̀ fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń tọ̀, mi ò dúpẹ́ rẹ̀ rí. Láràárọ̀ nọ́ọ̀sì á wá béèrè, màá mi orí, á kọ òfo sínú ìwé. Àárọ̀ mẹ́jọ ló kọ òfo. Ọmọ mi, ìyá rẹ̀, kò bá mi jà lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ìjà ni ì bá tù mí lára.

Ní àárọ̀ kẹsàn-án, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìró àtijọ́ mi tí mo tẹ́ fún un, bí mo ti máa ń ṣe nílé. Ó tutù. Mo rò pé omi ikùn ló ń jò, mo gbóòórùn rẹ̀, ìtọ̀ ni. Mi ò tíì lè pe ẹnikẹ́ni tí ọmọ náà fi lajú. Ó rí ọwọ́ mi, ó rí ojú mi, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n gbé e jáde. Àwọn èèyàn pọ̀ níta."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi àgbàlagbà, mo ní kó dárí jì mí.

"Ìwọ kọ́ lo máa gbé e, ìyá mi. Èmi ni."

Mo yọ ìró náà lábẹ́ rẹ̀, mo ká a, mo gbé e rù. Ó ń kán sí mi létí bí mo ti ń gba àárín wọ́ọ̀dù kọjá lójú gbogbo èèyàn, títí mo fi dé ìdí tábìlì nọ́ọ̀sì tó ń kọ òfo.