Ìwé Ìbéèrè Màmá Nọ́ọ̀sì

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ọmọ ọmọ mi obìnrin lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ibà. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan fi òwú tí wọ́n rẹ sínú sípíríìtì nu apá rẹ̀, òórùn náà sì gba imú mi wọ orí lọ. Kí n tó mọ ibi tí ó ń gbé mi lọ, nọ́ọ̀sì na ohun kan bí ìbọn ìṣeré sí iwájú orí ọmọ náà, ó dún tíì, ó sì ka bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó fún wa láìfọwọ́ kàn án. Ọmọ gbàgbé pé ara òun kò yá. Ó ní, “Màmá àgbà, báwo ló ṣe mọ̀?” Omi lé sí mi lójú. Ó pẹ́ tí òórùn sípíríìtì àti irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti bá mi pọ̀ lójú kan náà.

Ìlú Èrìò ni mo ti kọ́kọ́ bá wọn pàdé, nígbà tí wọ́n ṣì ń ka gbogbo wa mọ́ Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ń bójú tó ilé ìgbẹ̀bí kékeré tó wà níbẹ̀, òun náà ló sì ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn ibà. Tọmọdé tàgbà ń pè é ní Màmá Nọ́ọ̀sì. Kò bímọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí bàbá mi mú mi wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti Odò-Ọwá, ó sì fi òfin lé e: ọjọ́ tí mo bá kó wàhálà bá a, kí n di ẹrù mi padà sílé, kí n wá máa bá ìyàwó òun yan gàárì, kí ilé ìwé sì parí síbẹ̀. Mo gbọ́ òfin yìí pẹ̀lú etí mi méjèèjì.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ ohun tí màá pàdánù bí wọ́n bá dá mi padà. Páálí ńlá kan wà lábẹ́ ibùsùn Màmá tó kún fún ìwé: ìtàn àwọn ìlú, ìwé nípa ìràwọ̀ tí kò ní èèpo ẹ̀yìn mọ́, àti ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ikán ti jẹ láti ibi R títí dé òpin. Fún ìgbà pípẹ́, mo rò pé ibi Q ni ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu àwọn òyìnbó. Bí a bá ra ẹ̀pà, Màmá á kọ́kọ́ ka bébà tí wọ́n fi dì í kó tó fọwọ́ kan ẹ̀pà. Bí wọ́n bá ya bébà náà sí méjì, inú á bí i, á ní kí n sáré padà lọ bẹ ìyá ẹlẹ́pà fún ìyókù.

Ṣùgbọ́n ìwé tó gbayì jù lọ ni òun fúnra rẹ̀ ń kọ. Ìwé ilé ìwé lásán ni, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò oògùn. Gbogbo ohun tí kò yé e ló ń kọ síbẹ̀, á sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ de ìdáhùn. Ṣé adìẹ máa ń lá àlá? Kí ni àwọn obìnrin ń sè jẹ nígbà ogun Kírìjì, nígbà tí oko kò ṣeé lọ? Kí ló dé tí àwa fi ń pe ilé ní ulé, tí àwọn télọ̀ tó ti Ọ̀yọ́ wá ń pè é ní ilé, ta ló sì yà kúrò lọ́nà nínú wa? Kò sí ẹni tó wọlé wá gba oògùn tí kò ní bi léèrè ọ̀kan. Mo rántí bàbá àgbẹ̀ kan tí inú ń run, tó ń di ikùn mú, tí Màmá sì ń bi í nípa ogun Kírìjì. Bàbá náà ní, “Nọ́ọ̀sì, jẹ́ n kọ́kọ́ dé ẹ̀yìn ulé ná!” Ó lọ lóòótọ́, ó padà dé, ó sì sọ ìtàn títí oòrùn fi yí. Wọ́n máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ nílùú pé ẹni tó bá ń lọ gba oògùn, kó mú ìdáhùn dání.

Ìbéèrè kan wà tó ń yọ ọ́ lẹ́nu: omi gbígbóná Ìkógòsì, báwo ló ṣe gbóná tó? Ṣé ó gbóná ju ara ẹni tí ibà mú lọ? Gbogbo ẹni tó bi ló ń sọ pé, “Ó gbóná gan-an ni.” Màmá á mi orí. “Gan-an kì í ṣe ìdáhùn.”

Èmi ni mo pinnu láti wá ìdáhùn. Ní Sátidé kan, Màmá lọ ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ ní Ẹ̀fọ̀n. Mo mú tẹmómítà, ọ̀pá dígí tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń wọn ibà, mo fi òwú wé e, mo sì gba ọ̀nà Ìkógòsì lọ. Ọ̀kan ṣoṣo tí ìjọba fún un ni. Ibi tí omi ti ń sun jáde gan-an ni mo tì í bọ̀. Ohun funfun tó ń dán nínú rẹ̀ sáré gun òkè, kò dúró, mo sì ń yọ̀ pé mo ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ “tá!” Orí dígí ti fọ́. Ohun dídán náà ṣàn lọ láàárín òkúta, èmi nìkan ló kù lórí ìdúró.

Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, Màmá ti dé. Obìnrin kan jókòó, ó gbé ọmọ ọwọ́ tó gbóná janjan, Màmá sì ń tú gbogbo orí tábìlì kiri. Kò rí i. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ wọn ara ọmọ náà, ó fún un ní oògùn, ó sì ní kí ìyá rẹ̀ jókòó tì í kí òun lè máa wò ó. Ojú ọmọ yẹn ló mú mi jẹ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo tú òwú tí mo fi wé àfọ́kù náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó gbé àfọ́kù dígí náà sókè wò. Ó ní, “Ó gun dé ibo kó tó fọ́?”

“Ó dé òkè pátápátá, mà.”

“Ó ju ti ibà lọ nìyẹn.” Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ló wò mí, ojú rẹ̀ sì le. “O jalè o. Kì í ṣe èmi lo sì jà lólè, ọmọ yìí ni. Lọ́jọ́ Ajé, a jọ ń lọ bá ọ̀gá mi ní Arámọ̀kọ.”

Ibà ọmọ ọwọ́ náà rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n èmi ti ń ka àwọn aṣọ mi láti di ẹrù. Ní Arámọ̀kọ, níwájú ọ̀gá rẹ̀, mo retí pé yóò sọ pé tẹmómítà já bọ́ lọ́wọ́ òun, tàbí kó nawọ́ sí mi. Ó dúró gbọnrangandan, ó ní, “Ọmọ mi ló mú un lọ wọn omi Ìkógòsì. Èmi ni mo kọ ìbéèrè náà sílẹ̀, sà. Èmi ni mo fọ́ ọ.” Mi ò gbọ́ kó pè mí lọ́mọ òun rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ọ̀gá bá a wí gidigidi, ó kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀, ó ní wọn yóò fi òmíràn ránṣẹ́. A ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó pè wá padà. “Ṣé lóòótọ́ ló gun dé òkè?”

Bàbá mi gbọ́, ó sì wá mú mi. Màmá gbé àga fún un, ó sọ fún un pé ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ wá ìdáhùn kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi sídìí agbada gàárì. Ó wá bi í bóyá adìẹ máa ń lá àlá. Wọ́n jọ jiyàn títí bàbá mi fi gbàgbé ohun tó bá wá. Mo dúró sí Èrìò.

Mo di olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Kí wọ́n tó yọ wá kúrò lára Òǹdó, mo gba àṣẹ ní ilé ìwé wa, mo mú tẹmómítà tó gùn lọ sí Ìkógòsì ní òwúrọ̀ kan, mo sì gbé iye tí mo rí lọ bá Màmá. Ó ti darúgbó, òwú ló fi so dígí ojú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí àyè tó fi sílẹ̀ láti ìgbà èwe mi, ayọ̀ sì kún ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé bírò sókè. “Ti àárọ̀ nìyí. Tọ̀sán ńkọ́?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní màá padà lọ. Mi ò lọ. Ó kú lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí títí di òní.

Lónìí, ìdáhùn pọ̀ bí ilẹ̀. Nígbà tí a ti ilé ìwòsàn dé, mo ka ìbéèrè omi Ìkógòsì yẹn sókè fún ọmọ ọmọ mi láti inú ìwé ẹlẹ́yìn dúdú náà, tí Màmá fi sílẹ̀ fún mi, ó tẹ fóònù, fóònù sì dáhùn kí n tó mí. Mo rò pé ó ti parí. Ọmọ náà wo fóònù, ó wò mí, ó ní, “Ta ló lọ wọ̀n ọ́n?”

Sátidé yìí la ó lọ, nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí. Mo ti kọ “ọ̀sán” sí abẹ́ “àárọ̀” tí Màmá kọ, mo sì fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀.