Ẹ̀bẹ̀ tí Mo Túmọ̀ fún Òyìnbó

Ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó, níbi tí bàbá wa ti ń ránṣọ, òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú lórí aṣọ tútù ni mo fi mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí àárọ̀. Bàbá á bu omi sẹ́nu, á fín in sórí agbádá, á gbé áyọ́ọ̀nù lé e, èéfín funfun á sì bò ó lójú. Ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì rẹ̀ ni mo ti ń ka gbogbo ìwé tó bá wọ agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, nítorí èmi ni ọmọ àkọ́kọ́ níbẹ̀ tó ka ìwé mẹ́fà jáde. Bí wọ́n bá fẹ́ bá akọ̀wé kóòtù sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí wọ́n pè mí. Bí nọ́ọ̀sì bá fìbínú sọ gẹ̀ẹ́sì sí ìyá ẹnì kan, wọ́n á ní kí wọ́n pè mí. Mo ti ń ṣe é kí n tó di tíṣà, kò sì sẹ́ni tó bi mí rí bóyá ó ń rẹ̀ mí. Ó ń rẹ̀ mí o.

Àbúrò mi ọkùnrin tó tẹ̀lé mi ni orí rẹ̀ pé jù nínú wa. Òun ló lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, òun ni gbogbo agboolé sì ń pè ní Dókítà nígbà tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà ní kíláàsì kẹrin, wọ́n ká bébà tó kọ ìdáhùn sí mọ́ ọn nínú ìbọ̀sẹ̀ níbi ìdánwò. Wọ́n nà án níṣojú gbogbo iléèwé, wọ́n sì ní kó lọ jókòó sílé fún táàmù kan. Ó jókòó ti máṣíìnì bàbá, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, kì í gbójú sókè wo àwọn tó ń kọjá lọ sí Bẹ̀ẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á sì dúró, wọ́n á ní, "Dókítà, ṣé họlidé ti dé ni?" Bàbá ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí táàmù parí, bàbá àti ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ ọkùnrin kó ara wọn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá iléèwé, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́, èmi sì ni mo túmọ̀. Ọ̀gá gbà á padà. Láti ìgbà náà lọ, àbúrò mi kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ẹ̀sùn kankan sí i mọ́.

Nígbà tí iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ dókítà wá pè é fún íńtáfíù, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun mọ̀gáríbì tán ni bàbá bi í pé, "Ọ̀rọ̀ ọjọ́sí yẹn ńkọ́? Ṣé àwọn wọ̀nyí gbọ́ ọ?"

"Wọn ò gbọ́, bàbá. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ó ti parí."

Bàbá ká ẹní ìrun rẹ̀. Lẹ́yìn tó wọlé, àbúrò mi bá mi lẹ́bàá kànga. Ó ní, "Àǹtí mi, tí wọ́n bá bi mí bóyá mo ti ṣẹ̀ rí níléèwé, rárá ni màá wí. Tí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní gbà mí." Mo ní, "Ìwọ lo mọ̀." Agbára àtijiyàn ò sí lára mi. Kí n má parọ́, mo fẹ́ kí wọ́n gbà á bí òun náà ṣe fẹ́ ẹ. Mo ti ń sún ìgbéyàwó mi síwájú nítorí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọkọ àfẹ́sọ́nà mi sì ti ń kí mi bí ẹni ń kí aládùúgbò. Bí wọn kò bá gbà á, n kò mọ ohun tí mo fi gbogbo ìyẹn dúró dè.

Ohun tí àwa méjèèjì ò rò ni pé télọ̀ ni bàbá wa. Ìwọ náà á rántí bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń ṣe nígbà náà. Bí ọmọṣẹ́ bá ti ṣẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, tó wá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ òmíràn, àwọn àgbà ilé rẹ̀ ló ń mú un lọ. Wọ́n á fẹnu ara wọn sọ ohun tó ṣe fún ọ̀gá tuntun, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á bẹ̀bẹ̀, kí ọ̀gá má baà lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Lójú bàbá, ohun tí wọn kò tíì bẹ̀bẹ̀ lé lórí kò tíì parí, bó ti wù kó pẹ́ tó. Àwọn òyìnbó yẹn sì rèé, ọ̀gá tuntun ni wọ́n.

Lọ́jọ́ náà, àbúrò mi ti ṣáájú lọ. Bàbá wọ ẹtù rẹ̀, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Lèmọ́mù àdúgbò wa dání, ó ní kí n wá bá àwọn lọ kí àwọn òyìnbó. Kíkí ni mo rò pé a ń lọ kí wọn lóòótọ́. Wọ́n pe àbúrò mi wọlé, ó sì ti wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí bàbá tó dìde, tó tẹ̀ lé e. Mẹ́séńjà na ọwọ́ dí ọ̀nà, Lèmọ́mù ní "Àlàáfíà fún ọ, ọmọ mi," ó gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Òyìnbó méjì ló wà nínú yàrá náà, pẹ̀lú ọkùnrin dúdú kan tó wá láti apá ìlà oòrùn ilẹ̀ wa, tí kò gbọ́ Yorùbá. Kí n tó pa ilẹ̀kùn dé, àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà ní ìdọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ dákun, ẹ̀yin ọ̀gá," ni bàbá wí. "Ọmọ yìí jíwèé wò níbi ìdánwò, wọ́n sì lé e wálé. A ti bá a wí, kò sì tún un ṣe mọ́. Àwa la bí i, àwa la jẹ̀bi. Ẹ má tìtorí ẹ̀ lé e."

Òyìnbó àgbà dìde, ó ń wá ibi tí yóò kó ọwọ́ rẹ̀ sí. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Kí ni wọ́n ń wí?"

Àbúrò mi wò mí, ó mi orí díẹ̀ báyìí. Ohun tó ń bẹ̀ mí yé mi. Kí n sáà ní wọ́n wá dúpẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa, kí gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ì bá rọrùn. Kì í ṣe pé mo jẹ́ olódodo ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo wo bàbá nílẹ̀, pẹ̀lú ẹtù tí kì í wọ̀ bí kò bá ṣe ọjọ́ ọdún, tó gbàgbọ́ pé bí òun ṣe sọ ọ́ ni màá ṣe sọ ọ́. Bí mo bá yí i padà, a jẹ́ pé lásán ló dọ̀bálẹ̀. Ara mi ò gbà á. Mo sọ ọ́ bó ṣe wí i gan-an, n kò sì wo ojú àbúrò mi mọ́.

Wọ́n bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ló dé tó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, rárá ló wí. Nínú mọ́tò, bí a ti ń padà lọ, bàbá ń ṣe Alihamudu lilai, ó ní ó ti tán, wọ́n ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Àbúrò mi kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Bẹ̀ẹ̀rẹ̀.

Wọn kò gbà á lọ́dún yẹn. Wọ́n ní kó lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan kó tó padà wá. Ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní abúlé kan, kò sì kọ lẹ́tà sí mi títí ọdún fi yí po. Nígbà tó padà lọ, òun nìkan ló lọ, ó sì sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó bi í. Wọ́n gbà á. Ọkọ àfẹ́sọ́nà mi ti fẹ́ ẹlòmíràn nígbà náà.

Bàbá ti kú tipẹ́. Àbúrò mi ti ṣe dókítà títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun ló sì ń fún mi lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru báyìí. Kò bínú sí bàbá rí, nítorí bàbá ò mọ ohun tó ń ṣe. Èmi tí mo gbọ́ èdè méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà lẹ̀ mọ́ lára. Èmi náà ò sì tíì gbàgbé orí tó mì sí mi, nígbà tí àgbàlagbà mẹ́ta wà nílẹ̀ nítorí rẹ̀. A kò sọ ọ́ rí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti múra láti sọ ọ́, màá dé iyàrá rẹ̀, màá jókòó, n kò ní mọ̀ bóyá èmi ló yẹ kí n bẹ̀ ẹ́ tàbí òun ló yẹ kó bẹ̀ mí. A ó mu tíì, a ó sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, màá sì máa lọ sílé. Bàbá nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń parí irú ọ̀rọ̀ báyìí, kò sì sí mọ́ láti bá wa dọ̀bálẹ̀.