Òkèlè Àlìkámà Màmá Mi

Ní àdúgbò wa ní Aboabo, lẹ́yìn odi níbi tí wọ́n bí mi sí, bí ara ẹnì kan ò bá yá, òkèlè àlìkámà ni wọ́n ń rò fún un. Àwọn àgbà wa tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá gbà pé ó ń fún aláìsàn lágbára, pé ẹ̀bà àti fùfú ló ń pa èèyàn. Ta ni mo jẹ́ tí màá jiyàn? Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, tí mo ń yàgbẹ́ gbuuru, tó ń rẹ̀ mí bí ẹni tó gún iyán látàárọ̀, màmá mi gbé ìkòkò kaná. Àárọ̀ àlìkámà, alẹ́ àlìkámà. Bí mo bá ní ebi ò pa mí, wọ́n á jókòó tì mí títí n ó fi jẹ ẹ́ tán.

Bí wọ́n ṣe ń rò ó ni mò ń rù. Aránṣọ ni mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dín aṣọ mi kù lẹ́ẹ̀mẹta. Oníbàárà kan tilẹ̀ wá gba aṣọ rẹ̀ tí n kò tíì rán, ó ní òun ò fẹ́ kí n kú lé aṣọ òun lórí. Mo bú u dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo sunkún. Èmi náà ti gbà pé mò ń kú lọ ni.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ti fún mi ní oògùn ọgbẹ́ inú àti ti aràn, pàbó ló já sí. Dókítà obìnrin kan ló ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo bá jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan sínú ìwé. Nígbà tó kà á, ó ní ṣé kò sí oúnjẹ mìíràn nílé wa ni. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó yẹ ìfun mi wò. Ó wá ṣàlàyé pé ohun kan wà nínú àlìkámà tó ń mú kí ìyẹ̀fun rẹ̀ máa fà, gúlútìn ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń jẹ ẹ́ tí kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ara tèmi kà á sí ọ̀tá, ó sì ń bá a jà títí tó fi ba ìfun mi jẹ́. Kò sí oògùn rẹ̀ ju kí n jáwọ́ nínú àlìkámà pátápátá, títí kan búrẹ́dì.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ẹ̀rù ló bà mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá mi pé oúnjẹ ọwọ́ wọn ló ń pa mí lọ? Mo rìn yí mọ́ṣáláṣí po lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wọlé lọ sọ ọ́. Màmá sọ ìkòkò àlìkámà tó wà lórí iná kalẹ̀.

“Subuhanallahi. Ṣé ọwọ́ mi yìí náà ni?”

“Ẹ ò mọ̀ ni, Màmá. Ẹ ò jẹ̀bi.”

“Dabi, dabi.” Wọ́n ń mi orí pé rárá. “Kafra, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, foríjì mí.”

N kò gbọ́ kí ìyá bẹ ọmọ bẹ́ẹ̀ rí nílé wa. Mo kúnlẹ̀, àwa méjèèjì sì sunkún.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n ra ìkòkò, asẹ́ àti ọmọrogùn tuntun fún oúnjẹ tèmi. Bí àwọn aládùúgbò bá gbé pinkasó, àkàrà àlìkámà, wá lọ́jọ́ ọdún, wọn kì í kọ̀ ọ́, nítorí ẹni tó kọ sàárà ti bú ẹni tó gbé e wá. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbà á, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò. Wọ́n ní àlìkámà ò ní kan ẹnu àwọn náà mọ́. Dọ̀kọnù tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, iṣu àti ìrẹsì la wá ń jẹ. Díẹ̀díẹ̀ inú mi rọ̀, mo sanra, àwọn oníbàárà sì padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ sá aṣọ lẹ́yìn ilé. Màmá mi, ẹni àádọ́rin ọdún, ni mo bá lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ lórí ìdúró, tí wọ́n ń ti búrẹ́dì bọ tíì. Wọ́n fi ìborùn bo ife náà kíá.

“N kò jẹ ẹ́ nínú ilé o. Màá sì fọ ọwọ́ mi kí n tó wọlé, wallahi.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo gbé àpótí wá fún wọn kí wọ́n jókòó, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ìyá tó lè sá pamọ́ jẹ búrẹ́dì nítorí mi.