Ọgbà Tí Ọkọ́ Kò Gbọdọ̀ Kàn

Wọ́n ní Aránṣọ rì ṣéènì wúrà ìyá rẹ̀ tó ti kú mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní wúrà náà ló ń gbóná nísàlẹ̀ tí òkìtì ààtàn ibẹ̀ fi ń yọ èéfín láàárọ̀ bí ìkòkò orí iná. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò jẹ́ kí ọkọ́ kan ilẹ̀ náà? Ẹnu ayé! Ẹni tí kò ní wúrà rí ti wá mọ bó ṣe ń gbóná.

Nígbà tí Aránṣọ kó débẹ̀, ilẹ̀ náà le bí orí olóríkunkun. Kò roko. Páálí ló tẹ́, ó da ewé gbígbẹ lé e, ó wá ń kó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti koríko tútù jọ sí igun kan kí wọ́n jẹrà di ilẹ̀dú. Ó bọ́ ilẹ̀ náà bí ọmọ àkọ́bí, títí tí ìka lásán fi ń wọnú rẹ̀.

"Ekòló ni alágbàṣe mi," ló máa ń wí fún àbúrò rẹ̀, onídìrí, tí òun fúnra rẹ̀ tọ́ dàgbà. "Bí mo bá fi ọkọ́ wólé wọn, ta ni yóò bá mi ṣiṣẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú ránṣọ fún wọn."

"Wọn ò léjìká ni, ǹ bá ti rán an."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò náà sáré wọlé. "Oníbàárà mi kan fẹ́ ṣègbéyàwó. Ó ní kẹ́ ẹ wá wọn òun nílé. Ẹ tètè lọ o!"

Aránṣọ gbé téèpù kọ́rùn, ó lọ sílé tí àbúrò rẹ̀ júwe. Bàbá arúgbó kan tó ń gé èékánná ló bá níbẹ̀.

"Ìyàwó? Èmi nìkan ló ń gbé ilé yìí. Ọmọ mi, bó o bá rí ìyàwó náà lọ́nà, ní kó máa bọ̀ o, mo ti ṣe tán!"

Aránṣọ ṣebí àbúrò òun ń bá òun ṣeré ni. Ó rẹ́rìn-ín délé. Géètì ẹ̀yìn, tí àwọn méjèèjì nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọgbà ti di gbágungbàgun. Tòmátì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so ti dojú bolẹ̀, ekòló tí ọkọ́ gé ń yí nínú oòrùn. Àbúrò rẹ̀ rèé, ó ń tú òkìtì ilẹ̀dú, òógùn bò ó.

"Kí lò ń wá?"

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣéènì màmá. Wọ́n ní ẹ rì í síbí. Ọmọ wọn lèmi náà."

"O kéré nígbà tí wọ́n kú. Ọrùn wọn ló wà nínú sàréè. Èmi ni mo fi kọ́ wọn lọ́rùn. O ò lè bi mí?"

"Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gbóná, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ fọwọ́ kàn án!"

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó ń ṣa àwọn ekòló tó ṣì wà láàyè sábẹ́ ewé. Àbúrò rẹ̀ náà kúnlẹ̀ kó bá a ṣà á. Aránṣọ rọra gbá ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Mú kọ́kọ́rọ́ géètì mi wá."

Èèpo àti koríko tútù tí a bá kó jọ gègèrè a máa gbóná fúnra wọn bí wọ́n bá ń jẹrà.