Ọwọ́ Tó Ń Wá Eegun Nínú Ẹja

Ọjọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Makun-Omi, àpò méjì ni mo gbé dání. Ọ̀kan kún fún aṣọ, èkejì kún fún ẹ̀wà sóyà àti ẹ̀pà. Ọmọ Òkè-Àgbò ni mí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nípa ọmọ tó ń kọ́ oúnjẹ jẹ, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ Fátíhà: ọmọ tó bá ti pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ò tó o mọ́, ẹ lọ sóyà àti ẹ̀pà sínú ògì rẹ̀, ẹ fún un lẹ́yin. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Mo rò pé n óò ti tún gbogbo ìlú náà ṣe kí oṣù tó parí.

Ọ̀gá mi níbẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tí gbogbo wa ń pè ní Mètírọ̀n, wo àpò ẹ̀wà mi, ó sì wò mí lójú.

"Sẹ́kìnátù, tí èyí bá tán ńkọ́? Níbo ni àwọn ìyá ọmọ ti máa rí òmíràn?"

Mo tún wo àpò náà.

"Ó dáa, wo ẹ̀yìn ẹ."

Mo wẹ̀yìn. Omi ni mo rí, àti ọkọ̀, àti àwọn àtẹ wáyà tí èéfín ń rú lábẹ́ wọn, tí ẹja tò sórí wọn lọ súà. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n orí mi wú. Ẹja! Ohun tí mo torí ẹ̀ ru sóyà wá, ó wà níwájú ilé gbogbo wọn, wọn ò tiẹ̀ ní rìn jìnnà kí wọ́n tó rí i.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ọmọ ọwọ́ kì í jẹ nínú rẹ̀. Ògì ni wọ́n ń mu, wọ́n á sì bu omi tí wọ́n fi se ẹja lé e lórí. Wọ́n á ní inú omi yẹn ni gbogbo agbára ẹja wà. Ẹja fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ti bàbá ilé ni.

Bí mo ṣe pàdé Àánú nìyẹn. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni, ojú rẹ̀ tóbi ju ara lọ. A ní téèpù kan tí a fi ń wọn apá ọmọ, àwọ̀ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Àwọ̀ ewé ni kò séwu, àwọ̀ ìyeyè ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra, pupa sì ni kẹ́ ẹ máa gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Apá Àánú wà ní ìyeyè, ó ku díẹ̀ báyìí kó wọ pupa. Mètírọ̀n sọ fún ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ́ Bùnmi, pé ọ̀sẹ̀ méjì ni òun fún wọn. Bí ọmọ náà kò bá sanra sí i, ó di dandan kó wọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn ńlá.

Bùnmi yíjú padà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló wò, ìyá ìjọ aláṣọ funfun kan tó ń yan ẹja, tí gbogbo ìlú ń pè ní Màmá Ẹlẹ́ja. Ó hàn sí mi pé ẹnu ìyá yìí ni àṣẹ oúnjẹ Àánú wà.

Ọjọ́ ìwọ̀n ọmọ ni mo dáná níwájú gbogbo àwọn ìyá. Mo rin ewùrà, mo se ìkọ́kọrẹ́, mo ju ẹpìyà sí i. Kí n tó da ata sí i, mo bu ti ọmọ sọ́tọ̀. Mo ṣàlàyé pé kò sí pé à ń gbé ìkòkò méjì kaná. Nínú oúnjẹ ilé náà la ti ń bu tọmọ, kí ata tó dé. Wọ́n kọ́ wa níléèwé pé ká má fi ìka kan oúnjẹ ọmọ, fọ́ọ̀kì ni mo fi tẹ ẹja náà. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rọ̀ múlọ́múlọ́. Mo gbé abọ́ sókè.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ wò ó! Eegun kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀ mọ́!"

Màmá Ẹlẹ́ja dìde. Ó fọwọ́ nínú bàsíà, ó ki ìka méjì bọ abọ́ mi, ó dijú. Nígbà tó yọ ọwọ́, eegun tínrín kan ló fà jáde, ṣóńṣó rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Ó gbé e sórí tábìlì.

"Nọ́ọ̀sì, kí lèyí?"

Mo gbé abọ́ sílẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba Àánú lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Mé è gbà. Ọmọ mi ò ní jẹ ẹja yín."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti gba orúkọ tuntun nílùú. Nọ́ọ̀sì Eléegun ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀rín ò pa mí o. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀sẹ̀ méjì Àánú ti ń lọ, èmi tó sì yẹ kí n gbà á là ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Mètírọ̀n ò bá mi wí. Ohun tó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Lọ bá a nílé, má gbé ìwé dání."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Màmá nídìí ẹja rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú èéfín.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin lẹ jàre."

Ó ń yí ẹja lórí àtẹ, kò wò mí. Ó yí gbogbo rẹ̀ tán.

"Ṣé o rò pé mo fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi kú ni? Àkọ́bí mi ni Ṣẹ́gun. Ọmọ oṣù mẹ́wàá. Orí ẹsẹ̀ mi níbí ló jókòó sí, èmi ni mo fi ẹja sí i lẹ́nu. Eegun há a lọ́fun. Kí ọkọ̀ tó gbé wa dé òdìkejì..." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi. "Ọwọ́ yìí náà ni."

Omi bọ́ lójú mi, kì í ṣe èéfín. Ó ní láti ọjọ́ náà, kò sí àgbà tàbí èwe tó ń jẹ ẹja nínú ilé òun kí ọwọ́ òun tó kọjá lára rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ní irùngbọ̀n, ó ṣì ń wá eegun fún wọn. Ọmọ tí kò tíì léyìn ló kọ̀ láti fún pátápátá.

Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi. "Màmá, ẹ kọ́ mi."

"Kí n kọ́ nọ́ọ̀sì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ tí mo rí. "Ẹpìyà lo tiẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀! Ọ̀tá ara ẹ ni ẹ́. Àrọ̀ lo máa kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́, eegun tiẹ̀ tóbi, kò pọ̀."

Àárọ̀ mẹ́rin ni mo fi jókòó tì í kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ó kọ́ mi pé kí n jẹ́ kí ẹja lọ́ wọ́ọ́rọ́, pé ọwọ́ tí nǹkan ń jó kì í mọ eegun. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn lọ sí ìrù, kí n máa fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò lọ́jà. Bí mo bá parí, á tún ra ohun tí mo ṣe. Lọ́jọ́ kìíní, ó rí eegun mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, méjì. Lọ́jọ́ kẹta, mo tún rí ìtìjú, mẹ́rin! Lọ́jọ́ kẹrin, ó ra á títí, ó wá, ó wá, kò rí nǹkan kan. Ó tún un rà lẹ́ẹ̀kejì, ó wá gbójú sókè.

"Bùnmi, gbé ọmọ wá."

Bùnmi sáré dé, ó ti fi ewùrà ìkọ́kọrẹ́ tí kò láta sínú abọ́. Mo fẹ́ kí Bùnmi fúnra rẹ̀ fún ọmọ jẹ, ṣùgbọ́n Màmá ti jókòó, ó ti gbé Àánú sórí ẹsẹ̀. Ó po ẹja náà mọ́ oúnjẹ inú abọ́. Ó fi díẹ̀ sí ọmọ náà lẹ́nu. Àánú fajú ro, ó yí i lẹ́nu, ó gbé e mì. A tẹjú mọ́ ọn. Àfi bí ọmọ ṣe di ọwọ́ ìyá àgbà mú, tó fà á padà sẹ́nu! Mo pariwo "Alihamudulilahi," Màmá kígbe "Halelúyà," Bùnmi sì ń jó, ẹja orí iná sì fẹ́ẹ̀ jóná tán kí ẹnì kan tó rántí rẹ̀.

Mo ti ṣiṣẹ́ ní Àwà àti Àgọ́-Ìwòyè láti ìgbà náà. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kì í fi fọ́ọ̀kì tẹ ẹja ọmọ. Wọ́n á fi ọṣẹ fọwọ́, wọ́n á fi ọwọ́ náà wá eegun, bí wọ́n bá ní láti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó rí i pé ó mọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n máa ṣe é. Wọ́n ní mo le. Òótọ́ ni.

Ní Makun-Omi nígbà náà lọ́hùn-ún, nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì tí Mètírọ̀n fún wọn pé, Màmá fúnra rẹ̀ ló gbé Àánú wá. Mo gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sún kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo fi téèpù yí apá rẹ̀ ká: ó ti jìnnà sí pupa gedegbe, ó ń forí lé àwọ̀ ewé. Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí Mètírọ̀n fi sáré jáde, ó rò pé ọmọ já bọ́ ni.

"Ẹ tún un wọ̀n," ni Màmá wí.

Mo tún un wọ̀n. Bákan náà ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ìborùn nu ojú, ó wá ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé kò rí wọn rí.

"Láti gbogbo ọdún yìí, mo rò pé ẹja ni mò ń bẹ̀rù," ó wí. "Àṣé ọwọ́ mi ni."

Ó sì na ọwọ́ náà, ó ní kí n gbé ọmọ fún òun.