Ìyá Ọkọ Mi àti Ọmọ Ajá Tó Ń Wúkọ́

Ìyá ọkọ mi, tí a jọ ń gbé nílùú Datcha, kì í pọ̀ lọ́rọ̀. "Ìyàwó" lásán ni wọ́n ń pè mí láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Nígbà tí ikọ́ dá ọmọ ajá tí mo rà ní Anié dúbúlẹ̀, àwọn ló tú okùn lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ń fún un ní oyin nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ń fọwọ́ pa á láyà pé, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi."

Ara ajá yá. Mo pè é, ó sáré kọjá lára mi lọ bá wọn.

"Wá mú ajá rẹ, ìyàwó."

"Ẹ fi ṣe tiyín, Màmá."

Mo rò pé ajá mi tí wọ́n gbà ló ń dùn mí. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo mọ̀ọ́mọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo sì dúró, mò ń retí "pẹ̀lẹ́."