Ìlà Kejì Tí Mo Jà Fún

Ọdún tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun sí ọjà Àpáta ní Jọ́ọ̀sì níbí ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ yìí, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tó ń ta gwánjo lónìí, tí ẹ ń dìbò bí ẹní ń mu omi, ẹ jókòó kí n sọ ibi tó ti wá fún yín.

Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ ọlọ́jà ló ń yan olórí fún àwa obìnrin tó ń ta gwánjo, tí àwọn ará ilé ń pè ní òkìrìkà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mu tíì, wọ́n á ní lágbájá ni. A ń gbé e mì. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, olórí tuntun ló máa pín ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan máa dojú kọ títì, àwọn kan máa wà lẹ́yìn níbi tí oníbàárà kì í dé. A ní a ò gbà. A ti ìsọ̀, a jókòó dí ẹnu ọ̀nà ilé ẹgbẹ́, títí wọ́n fi ní ká lọ to ìlà: kí kálukú tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́, ẹni tí ìlà rẹ̀ bá gùn jù, òun lolórí.

Èmi ni mo kó wọn jókòó, nítorí náà mo jáde fún ipò olórí. Àlájà Ìyá Ráfíà, ará Ìlọrin, àgbà wa, náà jáde. Ìyá Débọ̀ jáde.

Ìyá Débọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, ọkọ̀ kan náà ló gbé wa dé Jọ́ọ̀sì nígbà tí a jẹ́ ìyàwó tuntun. Bí mo bá tú báálì gwánjo tèmi, aṣọ yíya ni. Bó bá tú tirẹ̀, kóòtù òtútù tó dà bíi tuntun ni. Háúsá tí mo fi ọdún púpọ̀ kọ́, òun ti ń fi pa oníbàárà lẹ́rìn-ín kí òjò àkọ́kọ́ tó dá. Eyín rẹ̀ sì funfun. Mo kàn ń sọ ọ́ bó ṣe rí ni.

Lọ́jọ́ ìbò, a tò, ọwọ́ ẹni ẹ̀yìn lórí èjìká ẹni iwájú. Ìlà Ìyá Débọ̀ dé ìdí igi máńgòrò. Tèmi kù díẹ̀ kó débẹ̀. Ti Àlájà ló kúrú jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe kékeré. Akọ̀wé ẹgbẹ́ fọn fèrè, ó ní Ìyá Débọ̀ ti wọlé.

Mo bọ́ síwájú.

"Akọ̀wé, ẹ dúró. Ẹ fa ìlà Àlájà wá sẹ́yìn tèmi kí ẹ wò ó. Ṣé kò ní kọjá igi máńgòrò, kó bọ́ sí títì? Àwọn tí kò yan obìnrin yìí pọ̀ ju àwọn tó yàn án lọ."

Akọ̀wé ní ṣebí ti Ìyá Débọ̀ ló gùn jù. Mo ní ẹni tó ga jù nínú ọmọ ọwọ́ mẹ́ta, ṣé ó ti tó gbéyàwó ni? Kéèyàn pọ̀ ju ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ, kò tíì pọ̀ ju gbogbo wọn lápapọ̀. Kí ẹni tí ìlà rẹ̀ kúrú jù yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí gbogbo èèyàn tún tò sẹ́yìn àwa méjì, kí olórí lè ní ju ìdajì ọjà lọ lẹ́yìn.

Ìyá Débọ̀ wò mí. Kò pariwo.

"Ìyá Àlàbá, ta ló sọ fún ọ pé ẹni tí kò fẹ́ mi, ìwọ ló fẹ́?"

"Jẹ́ ká tún un tò kí o rí i."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká tún un tò."

Akọ̀wé kọ̀. Ìyá Débọ̀ tó ti wọlé tán ló bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Bí èmi àti akọ̀wé sì ti ń jiyàn lórí ibi tí ìlà máa dúró sí, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Àlájà lójú gbogbo ayé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tò." Èmi ò lọ. Lọ́kàn mi, tèmi ni àwọn ará ìlà Àlájà. Ta ní í tọrọ ohun tó wà lápò ara rẹ̀?

Fèrè dún. Àlájà rìn lọ, ó gbé ọwọ́ lé èjìká ẹni tó kẹ́yìn nínú ìlà Ìyá Débọ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tirẹ̀ sì wọ́ tẹ̀ lé e. Ìlà yẹn kọjá igi máńgòrò, ó bọ́ sí títì gan-an níbi tí mo ní ó máa dé, àwọn ọlọ́kadà ń tẹ họ́ọ̀nù. "Kai" nìkan ni mo lè sọ.

Ohun tí a jèrè rèé: kò sí ọkùnrin tó tún yan olórí fún wa, kò sì sí ẹni tó lè jókòó lé wa lórí láìní ju ìdajì wa lẹ́yìn. Ohun tí mo pàdánù, ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ títì ni Ìyá Débọ̀ sì fún mi o. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó jù mí sẹ́yìn ni, mi ò bá rí nǹkan wí.

Ṣùgbọ́n gbèsè kan ṣẹ́ kù. Ìlà kejì tí mo jà fún, "ìlà Ìyá Débọ̀" ni gbogbo ọjà ń pè é. Ọmọ ọmọ mi yìí náà fi ẹnu ara rẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ lánàá. Ohun tó jẹ́ kí n ní kó mú bírò wá nìyẹn. Nígbà ìbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, àwọn mẹ́ta jáde, kò sẹ́ni tó ní tó ìdajì, àwọn ọmọge bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ó di ìlà Ìyá Débọ̀. Èmi àti òun la jọ wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó tẹ̀ sí etí mi.

"Ìlà rẹ ni wọ́n ń tò yẹn."

Ó mọ̀. Gbogbo ọdún yìí, ó mọ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, kò sẹ́lòmíràn tó gbọ́. Ohun tí mo ń bèèrè ni kó dìde, kó sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó wà nídìí igi máńgòrò lè gbọ́.